Kámẹ́rà Olówó Ńlá àti Fọ́tò Ńlá: Kí Ni Kí A Yẹ̀ Wò Kí A Tó Tọwọ́ Bọ Àpò?

 

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó mú wa jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń fi fọ́tò yíyà jẹun tọrọ ẹ̀yáwó láti fi ra kámẹ́rà tuntun. Owó tó kọ sínú fọ́ọ̀mù pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí akápò fi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fọ́ọ̀mù náà wò. Wọ́n bi í pé kí ni kámẹ́rà yìí yóò ṣe tí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ṣe. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, mílíọ̀nù 61 ni tèyí, mílíọ̀nù 24 péré ni tèmi." Gbogbo ilé dákẹ́. Ẹni tó fẹ́ yáwó kò lè ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwa tí a fẹ́ yá a lówó kò mọ ìbéèrè tó kàn. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì ń wo ara wọn lójú.

Owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ẹnì kan. Owó aláta wà níbẹ̀, owó télọ̀ wà níbẹ̀, owó oníbúrẹ́dì wà níbẹ̀. Bí a bá fi owó náà ra ohun tí kò ní mú owó wọlé, gbogbo wa la jọ máa jẹ gbèsè rẹ̀. Nítorí náà a wádìí, a sì fẹ́ ṣàlàyé ohun tí a rí. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sọ́dọ̀ àwọn onífọ́tò nìkan. Ta ni nínú wa tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí, tí kì í ṣe ìgbéyàwó, tí kì í ṣe òkú àgbà? Gbogbo wa là ń náwó lórí fọ́tò ńlá.

OHUN TÍ OJÚ Ọ̀KAN NÍNÚ WA RÍ

Kí a tó wọ inú ìṣirò, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwa tí ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ pa ipò dà, àwọn ọmọ fẹ́ gbé àwòrán ìyá wọn síwájú ilé, kí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí gbogbo ẹni tó ń bọ̀ wá ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn lè rí i. Wọ́n tú yàrá, wọ́n tú àpótí. Ìyá náà kì í fẹ́ràn kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Èyí tó dára jù tí wọ́n rí ni èyí tí ìyá ti dúró láàárín ogún ènìyàn níbi ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀. Wọ́n gé ìyá jáde nínú rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn fẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí férémù dé, ojú ìyá ti dà bí ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọn kò rẹ́. Àkọ́bí wọn obìnrin wò ó, ó ní, "Ta nìyí?" Ó wọlé lọ, ó bú sẹ́kún. Inú bí gbogbo ilé sí ẹni tó tẹ fọ́tò náà, ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí a wá mọ ìṣirò tí a fẹ́ sọ yìí, a rí i pé ẹni náà kò jẹ̀bi, kámẹ́rà náà kò sì jẹ̀bi. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

KÍ NI MÍLÍỌ̀NÙ TÍ WỌ́N Ń KÀ?

Ẹ rántí iṣẹ́ àwọn tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe adé. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ojú ènìyàn sára adé, bí ìlẹ̀kẹ̀ náà bá tóbi, ojú náà kò ní hàn dáadáa. Bí ó bá jẹ́ wínníwínní tí ó sì pọ̀, ẹ ó rí imú, ẹ ó rí ìpéǹpéjú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kámẹ́rà òde òní. Kò sí fíìmù nínú rẹ̀ mọ́. Awo pẹlẹbẹ kékeré kan ló wà níbi tí fíìmù ń jókòó sí tẹ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ lé awo yìí, awo náà sì ń pín àwòrán sí ẹyọ ẹyọ bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Píksẹ́lì ni àwọn oníkámẹ́rà ń pe ẹyọ yìí. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, a ó máa pè é ní ẹyọ.

Ọdún 1975 ni Steven Sasson, ẹnjiníà kan ní ilé iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, ṣe àkọ́kọ́ irú kámẹ́rà yìí. Ẹyọ 10,000 péré ló wà nínú àwòrán rẹ̀, dúdú àti funfun ni, ìṣẹ́jú àáyá 23 ló sì ń gbà kí àwòrán kan tó wọ orí kásẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2012, Nikon gbé D800 jáde pẹ̀lú ẹyọ mílíọ̀nù 36. Ní 2015, Canon gbé 5DS jáde pẹ̀lú mílíọ̀nù 50. Ní 2019, Sony gbé A7R IV jáde pẹ̀lú mílíọ̀nù 61, ní ọdún kan náà sì ni Fujifilm gbé GFX100 jáde pẹ̀lú mílíọ̀nù 102. Láti 10,000 dé mílíọ̀nù 102 láàárín ọdún 44! Kò yani lẹ́nu pé orí ń yí oníbàárà.

BÍ IYE ṢE Ń TAN ÈNÌYÀN JẸ

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí oko. Àgbẹ̀ kan kọ ebè mẹ́wàá ní òró, mẹ́wàá ní ìbú. Ebè 100 nìyẹn. Ó wá ní òun fẹ́ kí oko òun gùn ní ìlọ́po méjì, kí ó sì fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ebè mélòó ni yóò kọ? Kì í ṣe 200 o. Ogún ní òró, ogún ní ìbú, 400 ni. Ẹni tó kọ 200 ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdajì ọ̀nà ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ti fọ́tò. Kámẹ́rà mílíọ̀nù 24 sábà máa ń to ẹyọ 6,000 sí òró àti 4,000 sí ìbú. Ẹ fi 6,000 lọ́nà 4,000, mílíọ̀nù 24 ni yóò fún yín. Sony mílíọ̀nù 61 tí a dárúkọ to ẹyọ 9,504 sí òró àti 6,336 sí ìbú. Bí ẹ bá gbọ́ 61 àti 24, ẹ ó rò pé tuntun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá fi rúlà wọn fọ́tò, 9,504 sí 6,000 ni, ó fi díẹ̀ ju ìlọ́po kan àti ààbọ̀ lọ. Ibi tí ti tẹ́lẹ̀ bá ti ṣe fọ́tò 20 íǹṣì, tuntun á ṣe nǹkan bí 32 íǹṣì ní irú dídán kan náà. Èrè wà níbẹ̀, a kò sọ pé kò sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èrè tí etí gbọ́. Ẹni tó fẹ́ kí fọ́tò òun gùn ní ìlọ́po méjì láti orí mílíọ̀nù 24, kámẹ́rà mílíọ̀nù 96 ni yóò wá.

IBI TÍ OLÙWÒRAN DÚRÓ SÍ

Àwọn tó ń tẹ fọ́tò ní òfin kan: ẹyọ 300 lórí íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tẹ̀lé òfin yìí, kámẹ́rà mílíọ̀nù 24 kò ní lè ṣe ju 20 íǹṣì ní 13 lọ. Èyí ló ń ba ọ̀pọ̀ onífọ́tò lẹ́rù tí wọ́n fi ń sáré ra tuntun. Ṣùgbọ́n ibo ni 300 yìí ti wá? Ojú ènìyàn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá gbé fọ́tò sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ojú, bí ẹni tó ń ka ìwé, ojú tó yá gágá kò lè dá ẹyọ kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì mọ́ tí wọ́n bá ti tó 300 nínú íǹṣì kan.

Ta ló máa ń gbé fọ́tò tó tóbi tó ilẹ̀kùn sí iwájú imú wò? Bí ẹ ṣe ń jìnnà sí i ni ẹyọ tí ẹ nílò ń dínkù. Ìṣirò rẹ̀ kò le, ẹ kàn fi iye ẹsẹ̀ bàtà pín 300. Ní ẹsẹ̀ bàtà kan, 300. Ní méjì, 150. Ní mẹ́ta, 100. Ní mẹ́fà, 50. Ní mẹ́wàá, 30. Ẹni tí ojú rẹ̀ dára ju ti gbogbo wa lọ lè fẹ́ kí ó fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò yìí tó fún iṣẹ́ wa.

Ẹ wá wo ohun ìyanu kan. Fọ́tò 20 íǹṣì ní 30, láti igun kan sí igun kejì, ó jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ rí i lódindi yóò dúró ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ẹyọ 100 lórí íǹṣì ló nílò: 3,000 ní 2,000, mílíọ̀nù 6. Fọ́tò 40 ní 60 ńkọ́? Igun sí igun rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Olùwòran á sún sẹ́yìn dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ẹyọ 50 lórí íǹṣì ló nílò: 3,000 ní 2,000. Mílíọ̀nù 6 náà ni! Bí fọ́tò ṣe ń tóbi ni olùwòran ń sún sẹ́yìn, nítorí náà iye ẹyọ tí a nílò dúró síbi kan.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, ẹ jẹ́ kó rántí pé ní 2015, ilé iṣẹ́ Apple gbé àwọn fọ́tò tí àwọn ènìyàn fi fọ́ọ̀nù iPhone 6 yà sórí pátákó ìpolówó gàgàrà lójú títì ní àwọn ìlú ńlá káàkiri ayé. Kámẹ́rà fọ́ọ̀nù náà kò ju mílíọ̀nù 8 lọ. Àwọn tó ń kọjá wò ó, wọ́n yìn ín.

ÌGBÀ WO WÁ NI ẸYỌ PÚPỌ̀ Ń WÚLÒ?

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwa ń sọ pé kámẹ́rà ńlá jẹ́ ìnáwó àpà. Ó ní ibi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Èkíní, fọ́tò tí àwọn ènìyàn máa ń sún mọ́. Bí wọ́n bá gbé fọ́tò gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn, kò sí ẹni tí yóò dúró lókèèrè. Kálukú á lọ wá ojú ara rẹ̀, á fi ìka tọ́ ọ, á ní, "Èmi rèé!" Ẹsẹ̀ bàtà kan ni wọ́n máa ń wò ó, nítorí náà òfin 300 padà dé. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà mílíọ̀nù 61 tàbí 102 ti ń fi agbára rẹ̀ hàn.

Èkejì, fọ́tò aṣọ àti ọjà. Oníṣòwò léèsì tàbí aṣọ òkè tó fẹ́ kí oníbàárà rí fọ́nrán òwú lórí fọ́tò ńlá nínú ṣọ́ọ̀bù yóò jèrè ẹyọ púpọ̀.

Ẹ̀kẹta, gígé. Bí onífọ́tò kò bá lè sún mọ́ ohun tó ń yà, tí yóò gé àárín rẹ̀ lò, ẹyọ púpọ̀ á ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ náà ní ìwọ̀n. Ibí ni a ti fẹ́ padà sọ́dọ̀ ìyá wa tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ogún ènìyàn tò ní ìlà kan nínú fọ́tò mílíọ̀nù 24. Ẹ fi 20 pín 6,000, ẹyọ 300 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbú. Ojú ènìyàn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìbú èjìká rẹ̀ lọ, nítorí náà ojú ìyá gba ẹyọ 100 péré. Wọ́n wá fẹ́ kí ojú náà fẹ̀ ní 12 íǹṣì nínú férémù. Ẹyọ 8 lórí íǹṣì kan! Ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, 100 ni ojú olùwòran ń fẹ́. Báwo ni kò ṣe ní dà bí búlọ́ọ̀kù?

Ká ní kámẹ́rà mílíọ̀nù 61 ni wọ́n fi yà á ńkọ́? Ẹyọ 13 lórí íǹṣì. Kò sí yàtọ̀ tí ẹkún fi máa dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ká ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà jí lọ́jọ́ kan, tó fi fọ́ọ̀nù lásán tó ní mílíọ̀nù 12 ya ìyá nìkan ní ìdúró, létí fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ojú ìyá gba ìdá kan nínú mẹ́ta ìbú fọ́tò. Ẹyọ 1,000 ni ojú náà ì bá gbà, ì bá jẹ́ ẹyọ 83 lórí íǹṣì. Ìyá náà ì bá jókòó síwájú ilé, tí gbogbo ènìyàn á máa sọ pé, "Ẹ wò ó, bí ẹni pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀." Kì í ṣe owó ló dí wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ìyá yín wà láàyè, tí bàbá yín wà láàyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ya àgbà yín nìkan ní fọ́tò lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má dúró de kámẹ́rà olówó ńlá.

OHUN TÓ Ń BA FỌ́TÒ JẸ́ JU ẸYỌ LỌ

Ẹni tó bá da omi ìdọ̀tí sínú kete ńlá, omi ìdọ̀tí púpọ̀ ló ní. Ẹyọ mílíọ̀nù 61 tí ó ṣú bàìbàì kò sàn ju mílíọ̀nù 24 tó mọ́ kedere lọ. Àwọn ohun tó ń mú kí ẹyọ ṣú nìwọ̀nyí.

Lẹ́ńsì: Òun ni ojú kámẹ́rà. Lẹ́ńsì tí kò dára máa ń mọ́ ní àárín, á wá ṣú ní àwọn igun. Bí awo inú kámẹ́rà bá ṣe ní ẹyọ tó ni yóò máa tú àléébù lẹ́ńsì fó. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra kámẹ́rà ńlá ló tún ní láti padà lọ ra lẹ́ńsì, owó rẹ̀ kò sì sí nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n mú wá fún wa.

Ọwọ́ gbígbọ̀n: Bí ẹyọ bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni gbígbọ̀n díẹ̀ ṣe ń hàn tó. Kí a gbé kámẹ́rà lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tàbí kí a yá a lọ́wọ́. Ẹni tó ń lo lẹ́ńsì 85, kí ó má yà ju ìdá kan nínú 200 ìṣẹ́jú àáyá lọ bí ó bá fọwọ́ gbé e.

Ihò ìmọ́lẹ̀: Ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì máa ń mọ́ jù lọ ní nǹkan bí f/5.6 sí f/8. Bí ẹ bá dí ihò náà pa dé f/16 tàbí f/22, ìmọ́lẹ̀ á máa tẹ̀ bó ṣe ń gba ihò tóóró kọjá, gbogbo fọ́tò á rọ̀. Kò sí iye ẹyọ tó lè gbà á sílẹ̀.

Òkùnkùn: Nínú gbọ̀ngàn tí iná kò mọ́lẹ̀, kámẹ́rà á fi agbára fa ìmọ́lẹ̀, fọ́tò á wá kún fún ẹ̀fọ́n-ẹ̀fọ́n bí iyanrìn, pàápàá lára ẹni dúdú tó wọ aṣọ dúdú. Iná tó dára lè tún iṣẹ́ ṣe ju ẹyọ mílíọ̀nù 40 lọ.

Títóbi awo: Ẹ gbé igbá ńlá àti ife sínú òjò, ẹ ó rí èyí tó gba omi jù. Awo kámẹ́rà ńlá tí wọ́n sábà ń lò jẹ́ 36 mílímítà ní 24. Ní 2020, Samsung gbé fọ́ọ̀nù Galaxy S20 Ultra jáde tí ẹyọ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 108, ṣùgbọ́n awo rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti kámẹ́rà tí a sọ. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan kéré tó bẹ́ẹ̀ tí fọ́ọ̀nù náà fi máa ń pa mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án pọ̀ di ọ̀kan, tí fọ́tò á jáde ní mílíọ̀nù 12. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ní fọ́ọ̀nù òun ju kámẹ́rà onífọ́tò lọ nítorí pé 108 ju 61 lọ, ẹ rẹ́rìn-ín.

Fífi ránṣẹ́: Bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lásán, ó máa ń fún un pọ̀ kí ó lè tètè lọ, ọ̀pọ̀ ẹyọ á sì ṣòfò lójú ọ̀nà. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé, ìyẹn document, tàbí kí ẹ gbé e lọ sí lábù lórí fíláàṣì. A ti rí ẹni tó fi kámẹ́rà olówó iyebíye ya fọ́tò, tó wá fi WhatsApp sọ ọ́ di ti fọ́ọ̀nù àtijọ́.

ÌDÁNWÒ TÍ ẸNI TÓ FẸ́ RA KÁMẸ́RÀ GBỌ́DỌ̀ ṢE

Àfojúbà kò ṣe é fi yáwó. Ìdánwò tí a fẹ́ sọ yìí kò wọ́n, kò sì ní gba ju ọjọ́ méjì lọ.

1. Ẹ yá kámẹ́rà tuntun náà, tàbí kí ẹ háyà rẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀.

2. Ẹ wá ẹnì kan tó wọ léèsì tàbí aṣọ òkè, kí ó jókòó. Ẹ lẹ ojú ìwé ìròyìn kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó bọ́ sí igun fọ́tò. Iná kan náà, ibi kan náà, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà. Ẹ ya ẹni náà pẹ̀lú kámẹ́rà méjèèjì.

3. Ẹ má tẹ odindi fọ́tò 40 ní 60 jáde, owó ńlá nìyẹn. Ẹ gé ègé 8 íǹṣì ní 10 nínú rẹ̀ bí yóò ṣe rí bí ó bá jẹ́ odindi. Nínú kámẹ́rà mílíọ̀nù 24, ègé náà jẹ́ ẹyọ 800 ní 1,000. Nínú ti mílíọ̀nù 61, ó jẹ́ nǹkan bí 1,267 ní 1,584. Ẹ gé ègé ojú, ẹ gé ègé aṣọ, ẹ gé ègé ìwé ìròyìn. Lábù á tẹ gbogbo rẹ̀ fún yín ní owó fọ́tò kékeré.

4. Ẹ kọ orúkọ kámẹ́rà sí ẹ̀yìn, kí ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri. Ẹ pe ẹni tí kò mọ èyí tó jẹ́ èwo. Kí ó kọ́kọ́ dúró ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, lẹ́yìn náà mẹ́ta, lẹ́yìn náà kan. Kí ó sọ èyí tó dára jù níbi kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà gan-an ni kí ẹ pè, ẹ má pe onífọ́tò ẹlẹgbẹ́ yín. Oníbàárà ló ń sanwó.

5. Ohun tí ẹ ó máa wò: ṣé irun ìpéǹpéjú dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí ó ti di ẹyọ kan? Ṣé ihò léèsì ṣí? Ṣé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ inú agbádá funfun ṣì wà, tàbí ó ti funfun báláú? Ṣé ibi tó ṣókùnkùn lẹ́bàá ọrùn mọ́, àbí ó kún fún iyanrìn? Ṣé lẹ́tà ìwé ìròyìn ní igun ṣe é kà bíi ti àárín? Ẹ sì ṣọ́ aṣọ tó ní ìlà wẹ́wẹ́ dáadáa. Àwọn kámẹ́rà kan wà tí wọ́n ti yọ gíláàsì tó ń mú àwòrán rọ̀ kúrò níwájú awo kí wọ́n lè mọ́ sí i. Irú wọn lè fi ìlà aláràbarà tí kò sí lára aṣọ kún aṣọ òkè. Oníbàárà yóò ní ẹ ba aṣọ òun jẹ́.

Bí ẹni tí ẹ pè kò bá rí yàtọ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, iṣẹ́ férémù inú pálọ̀ kò nílò kámẹ́rà tuntun nìyẹn.

FÚN Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń GBÉ IṢẸ́ FÚN ONÍFỌ́TÒ

Ẹ má bi onífọ́tò pé mílíọ̀nù mélòó ni kámẹ́rà rẹ̀. Ẹ bi í pé, "Ẹ jẹ́ kí n rí èyí tí ẹ ti tẹ̀ tó tóbi tó tèmi." Ẹ wò ó láti ibi tí ẹ ó ti máa wo tiyín nílé. Ẹ sọ bí fọ́tò yóò ṣe tóbi tó kí ó tó yà á, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí ó lè sún mọ́ yín bó ṣe yẹ. Bí ó bá sì ní fọ́tò yín kò lè tó bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ má bínú sí i. Olóòótọ́ ni. Ẹni tó gbà láti fẹ ohun gbogbo láìwò ó ni kí ẹ bẹ̀rù.

NÍTI Ẹ̀YÁWÓ

Láti ìsinsìnyí lọ, a dá a lábàá pé kí ẹni tó fẹ́ yáwó ra kámẹ́rà dáhùn ìbéèrè mẹ́rin. Nínú iṣẹ́ ọdún tó kọjá, mélòó ló ju 20 íǹṣì ní 30 lọ? Mélòó nínú wọn ni àwọn ènìyàn ń wò láti ẹsẹ̀ bàtà kan? Oníbàárà mélòó ló dá fọ́tò padà nítorí pé kò mọ́, kí ló sì fà á: ẹyọ, lẹ́ńsì, iná, tàbí ọwọ́? Ìkẹrin, kí ni ohun mìíràn tí kámẹ́rà náà yóò béèrè? Fọ́tò kan ṣoṣo láti inú kámẹ́rà mílíọ̀nù 61, bí wọn kò bá fún un pọ̀, lè ju 100 mẹ́gábáìtì lọ. Fọ́tò 500 lóde ìgbéyàwó kan ju 50 gígábáìtì lọ. Ibo ni wọ́n ó kó o sí? Kọ̀ǹpútà wo ni yóò gbé e? Ẹni tó ra ẹṣin láìra ìjánu kò tíì ra ẹṣin.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa tí a bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ gbọ́ gbogbo èyí. Kò bínú. Ó wá ní ọjọ́ kejì, ó gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà lọ́wọ́ akọ̀wé, ó ní òun fẹ́ lọ ṣe ìdánwò náà kí òun tó kọ iye owó. Ó lè jẹ́ kámẹ́rà ni yóò padà wá béèrè, ó lè jẹ́ lẹ́ńsì kan àti iná méjì. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, yóò kó àwọn ègé fọ́tò rẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, a ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri gbọ̀ngàn. Kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wá, kí ẹ dúró ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, mẹ́ta, àti kan, kí ẹ fi ojú ara yín ṣe ìdájọ́. Owó yín ni.